Wọ́n Ní Kí N Gba Ìwé Ẹ̀rí Kí N Tó Ra Dáyámọ́ńdì

Joga-Orílẹ̀,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Túnbọ̀sún ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ń jẹ́ kí o rójú sinmi? Bí o bá bèèrè àwa, a wà, a ò ṣàìsàn, orúnkún mi òsì nìkan ló ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun kì í sì í parọ́ bíi ti rédíò. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní gbàgbé orúkọ rẹ lọ́jọ́ owó oṣù, ohun tó ń pa ojúgbà kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbẹta, ọ̀kan jọ pásítọ̀ wa, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ síta. Ẹ̀gẹ́ wa ta gan-an lọ́dún yìí, mo dúpẹ́, owó náà ló sì gbé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí wá.

O mọ̀ pé oṣù kọkànlá tó ń bọ̀ yìí ni yóò pé ogójì ọdún tí èmi àti ìyá rẹ ti ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé mi ò lówó òrùka lọ́jọ́ náà. Òrùka kọ́tìnnì ilé míṣọ̀n ni mo rọra tú, tí mo fi iyanrìn bó títí tó fi ń dán, òun ni mo fi sí Àrìnpé lọ́wọ́ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ìyá rẹ mọ̀. Ó rí i pé ó fẹ̀ jù, ó ká ìka rẹ̀ kò kí ó má bàa bọ́ sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣèlérí fún un lọ́jọ́ náà pé màá ra ojúlówó, ogójì ọdún sì rèé, kò rán mi létí rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí gan-an ló ń dùn mí jù. Bí ó bá ń ránni létí ni, èèyàn ìbá ti rí nǹkan fi ṣe àwáwí.

Bàrúwà ọlọ́kadà ló wá gbé ọkùnrin kan wá láti Tube, ó ní ó ń ta òrùka dáyámọ́ńdì tó ti òdìkejì bọ́dà wá. Mèsíè ni a ń pe ọkùnrin náà, nítorí bí òun náà ṣe ń pe gbogbo èèyàn nìyẹn, àti àgbà àti ọmọdé. Òrùka náà ń tàn yanranyanran, inú mi dùn, mo ní ìlérí mi dé. Àmọ́ mo rántí pé mo ní ọmọ ní Èkó, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́.

Ìwọ náà rántí bí o ṣe ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé. O ní kí n má kánjú. O ní kí n bèèrè kárátì rẹ̀. O ní kí n bèèrè ibi tí wọ́n ti wà á, torí pé ogun àti ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn mìíràn. O ní àwọn kan tún wà tí kì í ṣe inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà wọ́n, pé inú láàbù ni wọ́n ti ń dàgbà, ojúlówó sì ni àwọn náà, kí ẹni tó ń tà á ṣáà ti sọ òótọ́. Ọmọ mi, èyí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Bí òkúta bá ń hù, kí ló dé tí a ń pa ara wa sóko ẹ̀gẹ́? Jọ̀ọ́, bá mi wádìí bóyá ebè ni wọ́n ń kọ fún un, àti bóyá ewúrẹ́ ń jẹ ewé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o wá sọ kẹ́yìn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gé wa ni pé ohunkóhun tí ọkùnrin náà bá sọ, kí n má sanwó láìgba ìwé ẹ̀rí.

Mo jókòó lórí àpótí, mo ń rò ó. Ẹ̀rí. Ẹ̀rí wo ló tún wà nínú ẹbí wa bí kò ṣe àbúrò mi, àǹtí rẹ Ẹ̀ríolúwa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ayétòrò? O sì mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí èmi àti ẹ̀ ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ ìkórè tí mo ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn àlejò láti Ìlaròó, tí Ẹ̀rí dìde láàárín ìjọ, tó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Mo wá ní hẹn, Túnbọ̀sún gbọ́n, ó fẹ́ fi dáyámọ́ńdì parí ìjà. Inú bí mi sí ọ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ro ti ogójì ọdún tí ìyá rẹ fi dákẹ́, mo ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ Ẹ̀rí ni òrùka yìí wà, màá lọ.

Mo kọ́kọ́ bi Mèsíè ní kárátì. Ó ní méjìdínlógún. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ọmọ Adédọ̀tun ṣáà kọ́ kárátì lóṣù mẹ́ta péré ní Èkó, ẹsẹ̀ ló fi fọ́ ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ nígbà tó wálé ọdún. Mo ní bí méjìdínlógún bá wọ ọwọ́ ìyá rẹ, mi ò ní jẹ́ jiyàn nílé yìí mọ́. Mo bèèrè ẹ̀jẹ̀, Mèsíè búra pé kò sí, ó ní òun ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Mo wá ní ó ku ìwé Ẹ̀rí. Kíá ló fa ìwé kan yọ nínú báàgì, èdè Faransé ló kún inú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wà nídìí rẹ̀, ó ní òun rèé. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò mi láti ìgbà tó ti ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri bàbá wa, èyí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní àwọn méjì mìíràn ń dúró de òrùka náà ní Ajilete, pé tí ilẹ̀ bá fi mọ́, owó rẹ̀ á ti gbéra. Mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó wá gbọ́ pé tíṣà ìjọba ni Ẹ̀rí, ó rò pé òun ti rí oníbàárà kejì, ojú rẹ̀ tàn, ó ní ká lọ. Bí àwa mẹ́ta ṣe gun ọ̀kadà Bàrúwà dé Ayétòrò nìyẹn, èmi láàárín, báàgì dáyámọ́ńdì lẹ́yìn ọrùn mi.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, Túnbọ̀sún. Gbogbo ohun tí mo ti dì sínú láti ọdún mẹ́ta, àfi bí mo ṣe rí Ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ti ń hewú bíi ti ìyá wa, tí ohun tí mo fẹ́ sọ pòórá. Ìwọ̀nba tó jáde lẹ́nu mi ni pé ìwé rẹ̀ ni mo wá gbà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí ní ìwé wo. Mo ṣàlàyé láti orí ẹ̀gẹ́ títí dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé. Ẹ̀rí rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀, ó wá bú sẹ́kún, ó tún padà sórí ẹ̀rín. Ó ní sátífíkéètì ni o ń sọ, ìwé tí àwọn tó mọ òkúta ń kọ pé báyìí báyìí ni òkúta yìí rí. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mo ti dé, kí ó ṣáà kọ tirẹ̀.

Ó gba òrùka náà, ó mí hàà sí i bí ẹni tó fẹ́ nu jígí. Ó ní èémí kì í pẹ́ lára ojúlówó dáyámọ́ńdì, ojú ẹsẹ̀ ni yóò mọ́. Tiwa ṣú, a kà á dé ogún, ó ṣì ṣú. Ó ní èyí nìkan kò tó láti fi dájọ́, pé ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá gba ìwé Faransé, ó kà á, ẹ̀rín tún dé. Ó ní gáráǹtì fíríìjì ni. Ọdún méjì ni wọ́n fún un, bí kò bá ṣe yìnyín ká dá a padà sí Kùtọnu. Ìgbà tí a máa gbójú sókè, Mèsíè ti ní òun fẹ́ lọ tọ̀, Bàrúwà ní ọ̀nà gáréèjì ni ó ń tọ̀ lọ, eré ló sì ń sá. Ó gbàgbé òrùka rẹ̀ sọ́wọ́ Ẹ̀rí, Ẹ̀rí ní òun á máa fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì Ẹ̀rí fúnra rẹ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìlaròó, Àlàájà Azeezat, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo àdúgbò mọ ilé rẹ̀. Ó wọn òrùka wúrà kan lójú wa, ó fi òǹtẹ̀ inú rẹ̀ hàn wá, ó ní bí a bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò, òun ò ní bínú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé kárátì kì í jà, pé bí wúrà inú òrùka ṣe jẹ́ ojúlówó tó ni. Èyí tí owó ẹ̀gẹ́ ká ni mo rà, òrùka wúrà kékeré, kò sí òkúta kankan lórí rẹ̀. Okùn tí mo fi wọn ìka ìyá rẹ wà lápò mi, nígbà tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo wọ̀n ọ́n, mo ní ẹ̀gún ni mo ń wá. Àlàájà kọ rìsíìtì, ìwọ̀n, kárátì, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ní kí Ẹ̀rí fọwọ́ sí i nídìí, nítorí àṣẹ tí o pa ni mò ń tẹ̀ lé. Àlàájà wò wá, ó sì na bírò sí i.

A jọ dé ilé ni. Ìyá rẹ wà nídìí ẹ̀gẹ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gbé òrùka kalẹ̀, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìyá rẹ ti ju ọ̀bẹ nù, ó ti dì mọ́ Ẹ̀rí, àwọn méjèèjì ń yí po, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń jó, àwọn ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ̀gẹ́. Mo na òrùka sí i. Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì ná. Ó ní òrùka lè dúró, ó ti ń dúró bọ̀, Ẹ̀rí ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run fún. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí mi ò mọ̀ pé ìbínú mi ti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jẹun tán ló tó na ìka wá. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Kò tíì bọ́ ọ láti ọjọ́ náà, ó sì ti ń fi ọwọ́ yẹn nìkan tọ́ka sí nǹkan.

Wàyí o, owó ẹ̀gẹ́ ti di wúrà, ọjọ́ ìdúpẹ́ sì ń bọ̀. Fi owó ráńpẹ́ ránṣẹ́ fún ìrẹsì àti bàtà ìyá rẹ, àti bátìrì fóònù mi yìí, ó ti wú bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà jù. Orí rẹ yóò gbè ọ́, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni rere wọn kò ní fo orúkọ rẹ, ìwọ náà yóò dàgbà dàgbà pẹ̀lú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ.

Mo fẹ́ pa ìwé dé ni ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ léèrè ohun kan. Ó ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta ilé, kò tíì ra ju yẹtí ọ̀nà ọjà lọ rí, báwo ló ṣe wá mọ ọ̀rọ̀ dáyámọ́ńdì délẹ̀délẹ̀ báyìí, ta ni wọ́n sì jọ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní bóyá inú ìwé ni o ti kà á. Òun àti Ẹ̀rí wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọkùnrin kan wà, kò sí ìjà, kí ó máa bọ̀, a ó sè, a ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kí ó gba Ayétòrò kọjá ná. A ò ní fọmọ wa fún ẹnikẹ́ni láìsí ìwé Ẹ̀rí.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń yọ̀,
Nathaniel Ọ̀jẹ̀túndé.