Rìmóòtù Géètì Tí Mo Dì Fún Ọjọ́ Mọ́kànlélógún

Fìdítì,
Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá, 1996.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Joel ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà. Ọsàn oko ti ń pọ́n, wọ́n sì ti kun ilé ìjọsìn wa ní àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé òun ló yàn án.

Ọ̀rọ̀ rìmóòtù géètì yín ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O rántí pé nígbà tí ìyá rẹ wá ní Ọdún Àjíǹde, kò bá ẹnì kankan nílé, orí ẹrù rẹ̀ ló jókòó sí lẹ́nu géètì láti ọ̀sán títí ẹ fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi fún un ní ọ̀kan tó ń ṣí géètì, tí o sì tún fi tuntun rán awakọ̀ sí mi lóṣù tó kọjá, kí èmi náà lè ní tèmi. O kọ ọ́ pé tuntun náà kò tíì mọ géètì, pé kí ìyá rẹ mú un dání bọ̀, Joel yóò tẹ bọ́tìnnì kan nínú ẹ̀rọ géètì, iná yóò tàn, yóò wá tẹ rìmóòtù náà, géètì yóò sì dá a mọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá rò ó pé, kí la tún ń yọ Joel lẹ́nu sí, nígbà tí èyí tó ti mọ géètì wà lọ́wọ́ wa? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn fún ìjọba, kò sì sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń lẹ ojú ọsàn mímu mọ́ igi ọsàn kíkan jù mí lọ ní gbogbo Afijió. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ọ. A ó gé ojú lára igi tó dára, a ó la èèpo igi kékeré, a ó ki ojú náà bọ̀ ọ́, a ó fi ọ̀rá wé e pinpin, a ó fi sí ibòji, a kò sì gbọdọ̀ tú u kó tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí a bá kánjú, kò ní gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo dojú tuntun kọ ti àtijọ́, bọ́tìnnì kan bọ́tìnnì, mo fi aṣọ tútù wé wọn, mo fi ọ̀rá dì wọ́n, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, mo sì ń bu omi díẹ̀ wọ́n wọn láràárọ̀. Ìyá rẹ ní ṣé wọ́n ní kí n gbin ọsàn sẹ́nu géètì Èkó ni. Mo ní kó ní sùúrù.

Àná ni ọjọ́ pé. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé tuntun lọ síwájú géètì ilé ìjọsìn, mo nà án sí i, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, géètì ṣí! Mo ti ń dúpẹ́ kí n tó rí Amos tó ń ṣọ́ ọgbà náà lẹ́yìn géètì, pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tó ń kí mi pé bàbá, ẹ mà tètè dé lónìí o. Mo ní kó tì í padà. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlá, géètì kò mira. Amos ní kí n má bínú, òun dúpẹ́ ni, pé bó bá ṣiṣẹ́, ta ni yóò tún gba òun síṣẹ́? Nígbà tí mo délé, mo ṣí ti àtijọ́ wò, omi ló dà jáde. Òun náà kò tanná mọ́.

Jùmọ̀kẹ́, mo jẹ̀bi. Oṣù rẹ ti pé, ìyá rẹ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé dandan. O lè ti wà ní ọsibítù, kí Joel wà lọ́dọ̀ rẹ. N kò fẹ́ kí ìyá rẹ tún jókòó sórí ẹrù níta, orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́. Òun ní kò sí wàhálà, òun á máa kígbe orúkọ rẹ títí gbogbo àdúgbò á fi jáde, o sì mọ̀ pé kò purọ́. Jọ̀wọ́ bẹ Joel kó fi ẹnì kan sílé, tàbí kó yọ géètì náà kúrò fún ọjọ́ kan péré. Fi owó ọkọ̀ ìyá rẹ rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, kí o fi owó bátìrì rédíò mi kún un. Má fi rìmóòtù kankan kún un.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ọ̀nà tí ọmọ náà yóò gbà wá, ẹnì kankan kò ní tẹ nǹkan kan kó tó ṣí. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, inú ilé ni ìyá rẹ yóò sì ti gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé.