Àpótí Àlùbọ́sà Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Kékeré,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni yàrá òkè tí o ń gbé, tí o ní àtẹ̀gùn méjìlélógójì lèèyàn ń gùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ọlọ́run tó ń mú ọ gòkè lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àlàáfíà ni àwa wà níbí, àyàfi orúnkún ìyá rẹ, màá sì dé orí ìyẹn tó bá yá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan kọ̀ǹpútà. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́. Ewúrẹ́ tó máa ń jẹ ìwé ti bí ọmọ méjì, àwọn náà sì ti ń wo ìwé lójú tí kò dáa.

Ìwé ìmọ̀ràn tí o kọ ránṣẹ́, lórí béèyàn ṣe lè ra kọ̀ǹpútà lẹ́yọ-lẹ́yọ kó sì tò ó fúnra rẹ̀ láìfi owó ṣòfò, mo ti kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin, mo sì fi ike bò ó nítorí ewúrẹ́. Oníbàárà tó bá wọlé, kó tó sọ ohun tó wá ṣe, màá kọ́kọ́ ka ìlà mẹ́ta níbẹ̀ fún un. Ẹnì kan fẹ́ kí n bá òun tún ẹsẹ̀ àga ṣe lọ́jọ́ Ajé, ó gbọ́ ìlà mẹ́fà kó tó ráyè gbé àga sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mi ò mọ̀ pé o gbọ́n tó báyìí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, o mọ ìyókù òwe náà, ṣùgbọ́n lórí èyí, ìwọ lo kó gbogbo ọgbọ́n lọ.

O ṣáà mọ ohun tó sọ mí di oníkọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ogbó. Ilé ìwé fẹ́ ọgọ́ta tábìlì pẹ̀lú bẹ́ǹṣì wọn, ọ̀gá ilé ìwé sì ní káfíńtà tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà wá, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo pákó, kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù. Èmi tí mo ti ń fi pẹ́ńsù ya àwòrán sára pákó láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, màá ta ayùn ńlá, màá sì ti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí láti ìgbà tí aráyé ti ń ra àga oníke, láàárín odidi oṣù mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo rí kàn, ilẹ̀kùn ilé adìyẹ sì ni.

Káfíńtà oríta, èyí tí à ń pè ní Ṣe-Kíá, ta alùpùpù rẹ̀, ó fi ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò pa, tó ń tan iná pupa, tó ń tan iná aláwọ̀ ewé, tí àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà wò. Ìwọ ní iná yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kankan ju kó gba owó lọ. O ní kí n má náwó sí ohun tí ojú ń rí, kí n ná an sí ohun tó wà nínú. Gíláàsì tí à ń wò, àlòkù ni kí n rà; kíbọ́ọ̀dù, àlòkù; ọpọlọ rẹ̀, àlòkù tí ọ́fíìsì kan ti lò tó ṣì lágbára; ṣùgbọ́n èyí tó ń gba iná lára ògiri, tó ń pín in fún àwọn yòókù, o ní tuntun ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ ojúlówó, nítorí lọ́jọ́ tí ìyẹn bá bàjẹ́, ó lè kó gbogbo wọn lọ. Mo ka ibẹ̀, mo jókòó. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ góòmù nìyẹn. Káfíńtà tó bá ra pákó olówó gọbọi tó wá ra góòmù ẹ̀dínwó, àga rẹ̀ á jókòó kí oníbàárà tó jókòó. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn rí, o kàn mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ káfíńtà ni ọ́ lóòótọ́.

Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ń kó wọn dé díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń rí èyí tówó rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí mẹ́mórì dé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rúlà ọmọ ilé ìwé. O ní òun ló ń rántí ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, àti pé bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ó jọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé bó bá ti sùn jí, kò rántí ẹni tó ṣe é lóore. O tún ní méjì kéékèèké tó bára mu sàn ju ńlá kan lọ, ìyẹn sì yé mi kíákíá, nítorí èèyàn méjì náà ló ń gbé pákó gígùn.

Ìpara aláwọ̀ eérú yẹn, o ní kí n fún un bíi hóró ìrẹsì kan péré sórí ọpọlọ rẹ̀ kí n tó gbé fáànù lé e. Èmi tí mo máa ń fi góòmù kun pákó láti etí dé etí rò pé o láhun ni, ṣùgbọ́n mo ṣe bí o ṣe wí. Ìgbà tí ìyá rẹ gbọ́ pé iṣẹ́ ìpara náà ni kó máa fa ooru kúrò lára nǹkan, ó gba ìyókù, ó fi pa orúnkún. Ó ní ooru náà ti ń lọ. Àbààwọ́n ìpara náà lára aṣọ ibùsùn mi kò tíì lọ.

Fọ́ọ̀mù tó bá èyí tó ń pín iná wá nìkan ló fún mi ní wàhálà. Wọ́n ní bó bá bàjẹ́, kí n kọ orúkọ ẹni tó rà á, àti ohun tó ṣe é tó fi bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pé kò tíì bàjẹ́, pé lágbára Ọlọ́run kò ní bàjẹ́, mo kí gbogbo ilé wọn, mo ní kí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, mo sì ti fi í ránṣẹ́ padà kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́ ló kàn báyìí. Ní ìlà kẹsàn-án, o kọ ọ́ pé kí n má ná kọ́bọ̀ lórí àpótí tí a máa kó gbogbo rẹ̀ sí, pé wàá fi páànù kọ̀ǹpútà kan tó ti kú ránṣẹ́. Dírẹ́bà gbé e dé. Ó ti tẹ̀, ó dípẹtà, ihò sì kún ara rẹ̀ bí asẹ́. Mo ní ṣé èmi káfíńtà ló máa kó ọgbọ́n ọmọ mi sínú asẹ́? Mo gbé páànù fún adìyẹ. Mo sọ pákó tí mo ti ń tọ́jú fún pósí ara mi láti ọdún méjìlá kalẹ̀, mo ní òkú lè dúró ná, mo sì kan àpótí tí mi ò kan irú rẹ̀ rí. Mo da omi sí i, kò jo ẹ̀kán kan. Ihò kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún wáyà, mo sì fi ìda dí àyíká rẹ̀. Nígbà tí mo kó ohun gbogbo sínú rẹ̀ tán, mo fi góòmù lẹ ìdérí pa. Èèrà kò lè rí ọ̀nà wọlé.

Ó tàn. Ìyá rẹ kí i káàbọ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ lo ń kọ́ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fa ìlà, bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́, ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, o kò sì pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Sùúrù tí o fi kọ́ mi yẹn, èmi kò fi í kọ́ ọ nígbà tó kàn mí.

Àmọ́ bí mo bá ti ya ẹsẹ̀ tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà á kú. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á jí. Mo tún ya ẹsẹ̀ méjì, á tún kú. Mo gbọ́ tó ń gbọ̀n nínú àpótí, mo ní òtútù ló ń mú un, mo fi kúbùsù bò ó. Ìgbà yẹn ló wá kú kíá jù. O bi mí lórí fóònù bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, bóyá inú páànù yẹn ló wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. O ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn kí o lè fojú rí i, mo fi àtàǹpàkò dí ojú fóònù, mo ní kùrukùru ló ṣú. O wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé èyí tó ń pín iná ni kò dáa, pé wàá yọ nínú owó oúnjẹ rẹ ra òmíràn. Ojú tì mí, ọmọ mi. Mi ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò lè jẹ́wọ́ náà.

Ó ku ọjọ́ méjì péré kí Ẹtì pé. Ìyá rẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí mi, ó sì yára gbé e kúrò. Ó ní, “Ooru ló ń pa nǹkan yìí. Àlùbọ́sà tí mo bá kó sínú àpótí tiyín, ṣe ló máa ń làágùn títí á fi rà. Èyí tí mo kó sínú ti ọmọ yín kì í rà.” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ da àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀ gbuurugbu, ó sì gbé àpótí náà wá síwájú mi.

O mọ àpótí tí mò ń wí. Èyí tí o kàn lọ́dún tí o jáde ilé ìwé ni, tí àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀ yíká, tí mo ti owó onírin bọ àlàfo rẹ̀ níwájú oníbàárà méjì, tí mo ní ẹ wá wo àpótí tó ń jo owó, ta ni yóò rà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rín pẹ̀lú wọn. O gbé hámà rẹ kọ́ sára ìṣó, o kò sì mú un mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì lo wọ mọ́tò lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, èmi ni mo sì jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìyá rẹ ló bá mi di àpótí mi mú kí n tó lè fi ayùn là á. Mo kó ohun gbogbo sínú tìrẹ. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò kú. Lọ́jọ́ kejì, kò kú. Ó kàn ń rùn bí àlùbọ́sà díẹ̀. Mo parí àwòrán ní Ọjọ́bọ̀, ọ́fíìsì ilé ìwé bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àwọ̀ méje ló wà nínú ti Ṣe-Kíá, àmọ́ kò kọ bí pákó kankan ṣe gùn tó. Ọ̀gá ilé ìwé fún mi ní ogójì tábìlì, ó fún Ṣe-Kíá ní ogún nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ayùn ńlá kò lọ síbì kankan mọ́.

Ní Sátidé, mo ní kí n ya àpótí rẹ náà sínú kọ̀ǹpútà, kí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mú téèpù, mo wọn pákó, mo wọn àlàfo. Mẹ́rìnlá ni àlàfo náà, gbogbo wọn sì fẹ̀ ní ìwọ̀n pẹ́ńsù kan géérégé. Mo wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá Kékeré, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá rẹ ní o la ẹnu lọ́jọ́ náà láti sọ pé torí àlùbọ́sà òun lo ṣe kàn án bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni mò ń rín, mi ò gbọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Iṣẹ́ rẹ dáa nígbà náà, ó sì dáa báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí bàbá tó bá kọ̀wé sí ọmọ tí kò béèrè owó, wọ́n á rò pé òkú ló kọ ọ́. Mo fẹ́ owó fáànù kan sí i, nítorí ogójì tábìlì kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ owó ìpara méjì, orúnkún kejì ìyá rẹ ti gbọ́. Àlùbọ́sà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun kò gba àpótí lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n má fi owó náà rán dírẹ́bà. Fi wọ mọ́tò, kí o sì mú ìyókù dání wálé. Mo ti fá pákó sílẹ̀. Hámà rẹ ṣì wà lórí ìṣó tí o gbé e kọ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wá kan àpótí mìíràn fún ìyá rẹ, fi àlàfo sílẹ̀ bí o ṣe fẹ́. Èmi ni màá bá ọ di pákó mú.

Ilé ayé kò ní há mọ́ ọ. Ibi tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọ, Ọlọ́run yóò fi àlàfo sílẹ̀ fún ọ, atẹ́gùn yóò sì máa wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.