Kápẹ́ńtà Mi, Orúkọ Rẹ Ni Wọ́n Fẹ́ Kọ Sára Ilẹ̀kùn

Kápẹ́ńtà mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́rin! Mo sì ń jowú rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, òkú ni mo ń jowú. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti kékeré, ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà báyìí, nílé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba tí o máa ń pọ̀n ọ́n lọ. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ èèyàn pe yàrá tó ti ń kọ́ wọn. Orúkọ ta ni? Orúkọ rẹ! Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá.

O mọ ilé náà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé gbogbo èèyàn ló wà fún, wọ́n wá gbé kíláàsì sí òkè kẹta. Ìwọ lò ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn, òógùn á bò ọ́, ẹ̀yin méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí o lọ, èmi náà pọ̀n ọ́n. Ibi àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ la ti ṣubú.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní, ẹ má bínú, màmá, kó máa sinmi nílé. Mo ní iṣẹ́ wo ló ṣe tó fẹ́ máa sinmi?

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ sí ìdí àtẹ̀gùn. Ọmọ wa wà lórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè, kó fẹ̀gbẹ́ rìn! Wọ́n lé mi, mi ò lọ. Wọ́n bẹ̀ mí, mi ò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ tó já ní bọ́tìnnì wá fún mi.

Ó wá kan ọ̀gá. Bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹ̀rọ mi fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, fàá! Mo fún un ní aṣọ pé kó ró o, kó lọ dúró nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Mi ò kánjú rán an o! Ìgbà tó máa jáde, ó ní, "Màmá, yàrá yìí mà fẹ̀ o." Mo ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kó kíláàsì wá sísàlẹ̀.

Lónìí, afọ́jú kan ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn jókòó síwájú pátápátá, ó ń fi tíṣà ṣẹ̀fẹ̀. Ta ni ì bá gbé wọn dé òkè kẹta?

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ wa gba ìwé ẹ̀rí, ó ní bàbá òun ló gbé òun débẹ̀. Gbogbo èrò ń sunkún. Èmi ń pàtẹ́wọ́, mo ń payín keke. Ẹ̀yìn tìẹ ló rántí. Ìdí tèmi tó kú tipiri lórí àga ńkọ́?

Wọ́n ní àyàfi tí mo bá fọwọ́ sí i ni wọ́n máa kọ orúkọ náà. Mo jẹ́ kí wọ́n dúró dáadáa. Rárá ni mo fẹ́ sọ. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà ti lè kà á.

Jẹ́ kí n máa jowú mi lọ. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, kí ni mo fẹ́ fi owú ṣe? Àárò rẹ ń sọ mí, Kápẹ́ńtà mi. Ó ń sọ mí gan-an ni!