Ọwọ́ Bàbá Yín Níbi Ìdágbére Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Àdàbà, ọmọ ọmọ mi tó ń fi ọwọ́ fò láì kúrò nílẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé oorun ń dùn, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí ẹ bá béèrè tiwa, ara wa dá ṣáṣá, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Bàbá yín náà wà dáadáa. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ kan palẹ̀ bí ẹni tó ń tú àṣírí ọ̀tá.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà. O ní Àdàbà máa tó wọ ilé ìwé, o sì ní kí n kọ́ ọ bí ọmọ náà ṣe lè máa fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ láàárín èèyàn. O ní inú rẹ̀ dùn nílé ìtajà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ méjèèjì, obìnrin kan sì fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé àrùn tó ń ranni ni. O ní ojú tì ọ́, nígbà tó yá, ojú tún wá tì ọ́ pé ojú tì ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Fara balẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti bàbá yín níbi ìdágbére tí wọ́n ṣe fún mi nílé ìwòsàn nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, torí inú rẹ̀ ni èsì mi wà.

O rántí ọjọ́ tí dókítà àwọn ọmọdé sọ fún wa pé Àdàbà ní ọ́tísíìmù, pé bí a ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Orí itan bàbá yín ni ọmọ náà wà. Dókítà ń ka àwọn àmì rẹ̀ fún wa: ó ń ju ọwọ́, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń kùn, ariwo ń dà á láàmú, ó sì lè tẹjú mọ́ ohun kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá yín gbọ́ ọ tán, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yìí lẹ ń sọ ni àbí èmi?” O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí ẹ padà sílé, bàbá yín lọ rí dókítà àwọn àgbà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí adájọ́ dá láre. Ó ní, “Ìyá wọn, ọ́tísíìmù ni tèmi náà, orí mi kò dàrú. Bí wọ́n ṣe dá mi ni mo ṣe rí.” Mo ní ta ló sọ fún un pé orí rẹ̀ dàrú. Ó ní èmi ni, lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ṣíbí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá oríṣiríṣi ọgbọ́n tí a ó máa dá níta. Kò ti bàbá yín lójú o. Èmi ló ń tì. Ní báńkì, ó ń mì lórí ìlà títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń tẹ̀ lé e kiri bí ọmọ ẹ̀yìn. Mo fún un ní òkúta dídán kan kó máa fọwọ́ pa nínú àpò. Òkúta náà ṣiṣẹ́, àfi ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nílé ìkàwé, tó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga obìnrin kan, tí bàbá yín sì rá kòrò tẹ̀ lé e láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbìyànjú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ní kó máa ká wọn kò, kó máa nà wọ́n nínú bàtà, ta ni yóò rí i? Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Bàtà tuntun ni, ibi ìsìnkú la sì wà. Bàtà ń ké kín-ín, kín-ín, títí bàbá arúgbó kan fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń wá òròmọdìẹ sábẹ́ àga.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdágbére mi fi délẹ̀. O mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yìí já sí. Wọ́n ní èmi àti ọkọ mi ni a ó jókòó sí tábìlì ọlọ́lá, lórí pèpéle, níṣojú gbogbo ayé. Mátírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í fẹ́ kí aṣọ ibùsùn wọ́ tó ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, ló ń ṣètò rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ni yóò sì sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ ju oyún lọ. Mo dọ́gbọ́n sọ fún bàbá yín pé bó bá rẹ̀ ẹ́, kó jókòó sílé. Ó ní, “Lọ́jọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo gbé àpótí rẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Lọ́jọ́ tí o ń parí rẹ̀, ilé lo fẹ́ kí n wà?” Mo lọ gbé kóòtù rẹ̀ jáde.

Mo wá ronú kan ọgbọ́n tí mo rò pé ó ju gbogbo ọgbọ́n lọ. O mọ bí bàbá yín ṣe fẹ́ràn síìpù tó. Mo rán síìpù kékeré kan sínú àpò inú kóòtù rẹ̀, níbi àyà, kó lè máa ṣí i, kó máa pa á dé, kí ará ìta sì rò pé ó kàn fọwọ́ lé àyà ni. A dán an wò ní pálọ̀. Àbúrò rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tuntun fún ìjọba. Ohun tí n kò rò ni pé kò sí máìkì ní pálọ̀ wa.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Máìkì kan wà níwájú Alága, òmíràn sì wà níwájú bàbá yín gan-an, tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún mi. Alága bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó fi ilẹ̀ ilé ìwòsàn tọrẹ. Nígbà tó dé orí ẹni tó gbẹ́ kànga rẹ̀, ariwo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ bàbá yín, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú kóòtù. Fíìn. Ẹ̀rọ gbé e, ó sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. Alága dákẹ́, ó wo ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Fíìn. Ó tún dákẹ́, ó rọra kọ ẹ̀yìn sí wa, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò rẹ̀ wò, ó yíjú padà. Kì í ṣe òun nìkan. Mo ń wo ọwọ́ àwọn dókítà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìlà iwájú. Mátírọ́ọ̀nù tó wọ gáwùn náà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò.

Mo já bàbá yín léèékánná nítan lábẹ́ tábìlì. Ó yé e, ó yọ ọwọ́ kúrò nínú kóòtù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò níṣẹ́ á wáṣẹ́. Ó rí etí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ká ẹní. Èmi kò tètè mọ̀. Àfi bí mo ṣe rí ìkòkò òdòdó tó ń bọ̀ wá bá wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àlejò tó ń tijú. Àwọn ife omi tẹ̀ lé e. Ìwé ọ̀rọ̀ Alága pàápàá ti gbéra kúrò níwájú rẹ̀. Ó nawọ́ mú un, ó fà á tòun ti aṣọ, bàbá yín náà fa tirẹ̀ láì mọ̀. Ìkòkò òdòdó dojú dé. Omi ya sórí ìwé, ó sì dà sí Alága nítan. Ọ̀rọ̀ parí ní orí kànga. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ ló ń dá.

Bàbá yín dìde dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gòkè, wọ́n ń gbọ̀n bí ìgbà téèyàn ń gbọn omi nù, kì í ṣe ti ayọ̀, ti ìdààmú ni. Èémí rẹ̀ ń sáré. Mo rí ojú àwọn èèyàn. Mo rí àbúrò rẹ tó ń já ọ̀nà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ mi, bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Mo di bàbá yín lápá mú, mo ní, “Bàbá wọn, ọwọ́ rẹ.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, “Jọ̀ọ́, má dá a dúró. Òun ló gbé mi ró.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹnu àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ ọ, nínú yàrá ìrọbí, nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun bá fẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo fi apá bàbá yín sílẹ̀. Mo fa máìkì sọ́dọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí fò lọ, mo wá béèrè pé, “Ẹ̀yin tí ẹ bímọ lọ́wọ́ mi, kí ni mo ní kí ẹ ṣe nígbà tí ara kò gbà á mọ́?” Ìyá kan dáhùn láti àárín gbọ̀ngàn pé mo ní kí òun máa mì. Òmíràn ní mo ní kí òun máa gbá ògiri pẹ́pẹ́. Òmíràn ní mo ní kí òun fún ọwọ́ mi, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán an. Mátírọ́ọ̀nù wá dìde, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ní kí n máa kùn bí màlúù. Mo sì kùn.”

Ẹ̀rín tó bú gba gbọ̀ngàn náà, mo rò pé àwọn aláìsàn gbọ́ ọ. Nígbà tó rọlẹ̀, mo ní, “Ọkọ mi rèé. Ariwo máa ń ni í lára ju bó ṣe ń ni yín lọ, bó sì ṣe ń fara dà á nìyí. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é.” Mo jókòó. Ọwọ́ bàbá yín ń lọ, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó dá a dúró, kò sì pẹ́ tó fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo èèyàn ló gba tiwa. Ọkùnrin kan ní ìlà iwájú kò yé wò wá bí ẹni wo ẹran tó jẹ iṣu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni yóò ro ó. Ṣùgbọ́n Alága wá bá mi lẹ́yìn náà, ṣòkòtò rẹ̀ tutù rìn-ìn-rìn, ó ní ta ló rán síìpù yẹn, nítorí àwọn ìpàdé tí òun ń jókòó sí ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi rèé. Kéèyàn fi nǹkan pamọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló wù ú, ìyẹn kò burú. Bàbá yín ṣì ń fọwọ́ pa òkúta rẹ̀ ní báńkì, torí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ wàhálà ẹ̀ṣọ́. Wá nǹkan kékeré tó máa ń tẹ́ Àdàbà lọ́wọ́, kí òun alára yàn án, kó wà nínú àpò rẹ̀ fún ìgbà tó bá fẹ́ ẹ. Bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n fi ibi tó dákẹ́ hàn án. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó rò pé olè ni ọwọ́ òun jà. Bí obìnrin kan bá tún fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, kí i dáadáa, kí o ní, “Ẹ kú ọjà o, inú ọmọ mi ló dùn.” Kí Àdàbà máa bá tirẹ̀ lọ. Bàbá yín ní kí n sọ fún ọ pé à ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín kí ilé ìwé tó wọlé. Ó ní òun ni òun máa mú Àdàbà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti pé bí àwọn ọmọ yòókù bá fẹ́ wo ẹni tó ń ju ọwọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo àgbà.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú rẹ àti ọkọ rẹ. Ọmọ rẹ kò ní di ẹni ìtìjú láwùjọ. Ọwọ́ rẹ̀ yóò gbé ire, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rìn síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Ìwọ náà, ọkàn rẹ yóò balẹ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, agbẹ̀bí tó ti sinmi,
Màmá yín.

Ó tún ku díẹ̀: Má bínú pé ìkọ̀wé mi rí jákujàku. Àbúrò rẹ dúró lẹ́yìn mi nísinsìnyí, ó ní láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni ẹsẹ̀ mi ti ń gbọn tábìlì, pé kí èmi náà lọ rí dókítà. Mo ní tábìlì ló burú. Bàbá yín wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ tábìlì wò lókè nílẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é.