Ínfátà Ìyá Ìbejì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì fẹ́ da orí mi rú! Mo ti sọ fún un pé ínfátà méjì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, tí mo máa so pọ̀ sínú bọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi máa ṣe irun kiri gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé wá. Ó ní èkejì lẹ́wà jù.

Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra bàtà fún Táyé kí ẹ má ra irú ẹ̀ fún Kẹ́hìndé?”

“Ọmọ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í jowú, jàre. Ẹ ṣá so ó.”

Èmi òpè náà so ó. Bí mo ṣe tan méjèèjì, ọ̀kan han gooro, èkejì rú èéfín.

Ó sì ń sọ fún gbogbo Gowon Estate pé mo ṣojúsàájú ọ̀kan ni.