Ìyá Mi Kò Sí ní Ìsàlẹ̀ Àkàbà Kankan

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Èmi Sàlámátù ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ amọ̀, ẹ kú ooru iná. Mo kí bàbá wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n Múfútáù tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kí wọ́n jọ̀wọ́ rọra kà á. Mo ti fún ìwé ìròyìn ní ẹ̀dà kan, torí mo fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bá yín gbọ́ ọ.

Ara mi le. Owó iṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi ò pa mí. Òjò ibí ju ti Ṣakí lọ. Aṣọ tí mo bá fọ̀ lónìí lè máà gbẹ títí di ọ̀túnla. Ìlárè ni yàrá mi wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bí àwọn ìyá ilé bá ń fi èdè Ifẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, àárò yín á sì máa sọ mí. Ní báyìí ó ti ń yé mi, wọ́n tilẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi náà ti ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tàípù ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí yunifásítì. Lẹ́yìn Iléyá, lẹ́kíṣọ́rà obìnrin kan tí a ń pè ní Dókítà gbé ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wá. Wọ́n fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò nípa àṣà ọmọ ènìyàn. Tíọ́rì ni wọ́n ń pe irú ìrònú bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ojú tí ọ̀mọ̀wé fi ń wo ìgbé-ayé àwọn ènìyàn.

Orí kìíní ló bí mi nínú. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kan gbà pé gbogbo ayé ń gun àkàbà kan ṣoṣo, pé àwọn òyìnbó ti dé òkè, àwa tó kù ṣì wà nísàlẹ̀. Wọ́n sì fi àwọn tí ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò, tí wọn kò ní ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀, ṣe àpẹẹrẹ àwọn ará ìsàlẹ̀. Ìyá mi, ìka mi dúró lórí tàípù.

Nígbà tí Dókítà wá wo iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, mo ní n kò lè tẹ orí yẹn. Ọ̀gá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù, bi mí bóyá orí mi pé, pé ṣé oníbàárà ni mò ń bá wí báyẹn, pé bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, kí n máa lọ sílé. Mo kọjú sí Dókítà, mo ní: "Ẹ má bínú, mà. Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Ìyá mi kò sí ní ìsàlẹ̀ àkàbà kankan."

Dókítà kò bínú. Wọ́n bẹ ọ̀gá mi, wọ́n fa àga, wọ́n ní àwọn náà kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, kí n ka ìyókù kí n tó dájọ́.

Mo kà á. Àwọn kan ní àṣà máa ń rìn láti ìlú dé ìlú bí ọjà ṣe ń rìn, kí á wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Èyí dùn mọ́ mi, torí ẹ sọ fún mi rí pé láti ilé ọkọ wọn àkọ́kọ́, ní ìlú mìíràn, ni ìyá yín ti kọ́ ọnà tí a ń fín sétí ìkòkò wa. Àwọn mìíràn ní kí a má fi ìlú kan díwọ̀n ìlú mìíràn, kí á gbọ́ ìtàn oníkálukú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló wó àkàbà náà lulẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀. Àwọn kan tún ní àṣà dà bí ara, kò sí ẹ̀yà tí kò níṣẹ́. Ó yé mi. Bí ẹ bá fẹ́ sun ìkòkò, gbogbo agbo ilé ní ń ṣagi, àwọn tó ń bínú síra wọn á sì parí ìjà. Iná yẹn kò sun ìkòkò nìkan. Orí tó sọ nípa àwọn tí ń wá ohun méjì tó takora, bíi tútù àti jíjinná, le fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Àwọn ìkẹyìn ní kí a bi ẹni tó ń ṣe nǹkan ní ìtumọ̀ tó ní lójú òun fúnra rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún Dókítà, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́. Níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí tí ẹ kò fi lo ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Nílé wa, ìkòkò kì í yí. Ìyá mi ló ń yí i ká."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn yí àga kan ká, mo fọwọ́ sí ẹnu ìkòkò tí kò sí níbẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún wọn pé ẹ kì í wọn nǹkan kan, síbẹ̀ odù, ìkòkò omi ńlá yín, máa ń rí rogodo. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí bóyá èmi náà mọ̀ ọ́n mọ. Mo ní ẹnu ìkòkò tèmi máa ń wọ́, òun ló sọ mí di oní-tàípù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀.

Dókítà fi ọ̀rọ̀ náà kún ìwé wọn, wọ́n bi mí báwo ni kí àwọn ṣe dárúkọ yín. Ẹ dárí jì mí, n kò kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ yín. N kò fẹ́ kí wọ́n kọ "obìnrin amọ̀kòkò kan." Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́: Ràbíátù Àṣàkẹ́, amọ̀kòkò, Ṣakí. Ojú ewé kan náà ni ẹ̀yin àti àwọn ọ̀mọ̀wé wà.

Ìwé náà ti jáde, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti ṣẹ́ etí ojú ewé tí orúkọ yín wà po. Kí Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ yín mú, kí wọ́n fi ìka yín lé orúkọ yín.

Ọlọ́run Ọba á dá yín sí fún wa. Ọwọ́ yín kò ní rọ, ojú yín kò ní ṣú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ìyá tí ẹ jọ ń wa amọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí ń fi yín yangàn,
Sàlámátù