Ẹ̀ẹ̀mejì Lára Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo ti múra. Mo ti ya irun, sáńwíìṣì ti wà nínú báàgì, fìlà wà lórí báàgì. Fóònù wà níwájú mi lórí tábìlì, ó ń wò mí bí ọmọ tó ń ṣe kùnsínú tí kò fẹ́ sọ ohun tó ṣe é.

Báyìí niṣẹ́ adelé ṣe rí. Tí tísà kan bá ṣàìsàn ní Ayr lódìkejì afárá, tàbí ní Home Hill níbí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tayla á pè mí kí aago mẹ́fà tó lù, á ní kí n lọ gba ipò onítọ̀hún fún ọjọ́ kan. Tára gbogbo ayé bá le, mo wà nílé.

Ara gbogbo ayé le lónìí.

Ẹnikẹ́ni ò lé mi o. Èmi ni mo fiṣẹ́ gbére sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún nínú iléèwé kan ṣoṣo ní Ayr, kí Baba Ògiri, ọ̀gá iléèwé tuntun, tó dé. Darren Hoskin lorúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Baba Ògiri, nítorí ògiri tó ṣe sí yàrá àwọn tísà: fọ́tò gbogbo ọmọ lórí káàdì, ẹni tó mọ̀wé kà lókè, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n nísàlẹ̀, orúkọ tísà lábẹ́ wọn. Tí káàdì ò bá gòkè, ó pè ọ́ wọlé nìyẹn. "Rae, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ ò jẹun kó tó kúrò nílé. Ìyẹn ò sí lára ògiri. Mo sọ fún un lójú gbogbo wọn pé ẹran ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n, wọn kì í gbé ọmọ síbẹ̀. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ́fí wọn. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó délé.

Pina, ọ̀rẹ́ mi níléèwé yẹn, ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Fóònù ò dún. Mo jẹ sáńwíìṣì ọ̀sán láago mẹ́sàn-án àárọ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́rú, 16

Ó dún. Kọ́fí fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Tayla — ohùn ẹni tó ń jẹ gọ́ọ̀mù: "Raelene, ṣé ẹ wà nílẹ̀?" Níbo ni mi ò bá tún wà.

Kíláàsì kejì, iléèwé kan lọ́nà etíkun. Mo ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní Bella lòun. Kíláàsì kú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bella, ó dáa, bọ́ síwájú wá kàwé fún wa." Ojú ẹ̀ yí padà. "Mísì, Jaxon ni mí o." Mo ní ó ti pẹ́ jù, Bella. Bella ló jẹ́ títí a fi ṣíwọ́, ó sì ń dáhùn. Ọmọbìnrin kan rọra sún mọ́ mi: "Mísì, adelé tó wá lánàá sunkún." Mo ní èmi kì í sunkún níbi iṣẹ́, ilé ni mò ń gbé e lọ. Ó mi orí bí àgbàlagbà.

Títí ibẹ̀ yẹn, ó dùn. Ìgbà tó di àkókò tíì ni mo wọ yàrá àwọn tísà, mo jókòó. Obìnrin kan wá dúró lórí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Ìjókòó Bev nìyẹn."

Mo sún.

"Ìyẹn, ti Graham ni."

Mo ní Graham dà. Graham ò sí nílùú. Graham wà ní Bali. Ìjókòó ẹ̀ ń dúró dè é.

Mo gbé tíì mi jáde, mo mu ún lóòró nínú oòrùn. Kò kúkú sí ìyàtọ̀, adelé náà ni wọ́n máa ń ní kó ṣọ́ pápá. Kò sí fìlà, kò sí eré nínú oòrùn, òfin iléèwé nìyẹn — mo pariwo ẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Láti ìgbà tí mo wọ iléèwé náà títí mo fi délé, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi. Mísì. Mísì. Mísì.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo dín páńkéèkì kéékèèké. Pina fẹ́ràn ẹ̀ pẹ̀lú jáàmù.

Yàrá ìkọ́ni Pina Torrisi àti tèmi ló fara kan ara wọn ní gbogbo ọdún yẹn. Ògiri pákó kan ló wà láàárín wa, a sì lédè tiwa tí a fi ń sọ̀rọ̀ lára ẹ̀. Kan án lẹ́ẹ̀kan: ṣé o wà níbẹ̀? Wàá kan án lẹ́ẹ̀kan padà: mo wà. Kan án lẹ́ẹ̀mejì: gbà mí o, mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì á fi ti ẹ̀ sílẹ̀ wá síbẹ̀ kíá, á díbọ́n pé gọ́ọ̀mù lòun wá yá. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ìwé, kì í ṣe ti Tayla. Iye ìgbà tí Pina wá yá gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi lọ́dún tí ọkọ mi kú, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Aago márùn-ún. Aago mẹ́fà. Páńkéèkì ti tutù.

Kò wá. Kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Wọ́n dáná sun oko ìrèké lánàá, kí wọ́n tó gé e. Eérú dúdú bo gbogbo aṣọ tí mo sá. Mo tún un fọ̀. Ó kéré tán, mo ríṣẹ́ ṣe.

Ọmọ mi pè láti Brisbane. "Mọ́mì, ṣé ọkàn yín ti wá balẹ̀ báyìí?" Mo ní ó balẹ̀ bí òkú. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo pe Pina lẹ́yìn ìyẹn. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Ẹ̀rù Baba Ògiri ló ń bà á. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú mi. Mo kọ ọ́ síbí, màá sì tún sọ ọ́ lójú ẹ̀: ojo ni ẹ́, Pina.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Iléèwé mìíràn. Àwọn tibẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ wá fún ara wọn ní àkókò tíì, oníkálukú lọ́jọ́ tirẹ̀. Mo jẹ kéèkì ẹlẹ́mọ̀n. Mo ní ọjọ́ wo ni kí n gbé tèmi wá. Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ ṣáà máa jẹ ní tiyín, ẹ ò sí lára wa." Inúure ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ mo ti délé. Kò síwèé tí mo fẹ́ máàkì. Kò sí ìpàdé. Kò sí ògiri. Ohun tí mo jà fún nìyí, mo ti gbà á. Ta ló mọ ohun táwọn èèyàn máa ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo rí i. Pina. Nínú ìsọ̀ ńlá, níbi tí wọ́n ń kó tòmátò sí. Ó rí mi, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó yí kẹ̀kẹ́ ọjà ẹ̀ padà, ó sì yà sí ibi tí wọ́n ń ta oúnjẹ ajá. Kò lájá.

Mo fi gbogbo ohun tí mo mú sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde. Mo bú u láti orí afárá títí délé, fèrèsé mọ́tò wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 28

Kí n rọra kọ ọ́.

Tayla pè. Ó dárúkọ iléèwé mi àtijọ́. Kíláàsì kẹta. Mo ní ipò ta ni. "Torrisi. Kò sí ọjọ́ pàtó tó máa padà." Mo fẹ́ kọ̀. Ẹnu mi ní mò ń bọ̀.

Wọ́n fún mi ní káàdì àlejò kí n fi kọ́rùn. Ní iléèwé tí mo fọwọ́ ara mi gbin igi sí. Mo wọ yàrá àwọn tísà, mo lọ síbi ìjókòó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọge kan tí mi ò rí rí ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ti Ellie nìyẹn." Èmi ni mo rán tìmùtìmù tó wà lórí ẹ̀. Mo dúró.

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí ògiri. Àwọn ọmọ mi. Orúkọ mi ti kúrò lábẹ́ wọn, ìdajì wọn ti wà lábẹ́ orúkọ Pina, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo káàdì ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ọmọdékùnrin tísà tí wọ́n fi rọ́pò mi ò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi sá. Wọn ò wá ẹlòmíì. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà bí ẹran Kérésì, Pina ló jẹ apá tó pọ̀ jù.

Nínú kíláàsì wọ́n bò mí. "Mísì Pickett, ṣé ẹ ti padà wá pátápátá?" Mo ní ọ̀la ni mi ò mọ̀. Mo béèrè bí Mísì Torrisi ṣe ń ṣe. Lachie, tó máa ń sọ òótọ́ bí ẹni ń da omi nù, ní:

"Ó máa ń kan ògiri, Mísì."

"Ògiri wo?"

"Ìyẹn." Ó nawọ́ sí yàrá mi àtijọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Á dúró díẹ̀. Á tún kan ẹ̀ẹ̀mejì. A ní, Mísì, kò kúkú sẹ́nì kankan níbẹ̀, àga ni wọ́n kó síbẹ̀. Ó ní òun mọ̀."

Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Nígbà tí a ṣíwọ́, Baba Ògiri pè mí. "Rae, ọ̀rẹ́ mi, jókòó." Mo ní orí ìjókòó ta ni. Ó díbọ́n pé òun ò gbọ́. Ó ní iṣẹ́ gbére wà nílẹ̀ fún mi, yàrá Pina, àwọn ọmọ tí mo mọ̀, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pina, wọ́n á gbé e lọ sí Hughenden lọ́dún tó ń bọ̀. Hughenden, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ìyá arúgbó ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbí. Mo ní ṣó mọ̀. "Kò tíì mọ̀. Jẹ́ kó wà láàárín àwa méjì. Fún mi lésì lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29

Mo fẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lẹ́lòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ ìjókòó mi. Mo fẹ́ káwọn ọmọ pe Pickett mọ́ Mísì.

Ọjọ́rú, 30

Tayla pè. Mo ní ara mi ò yá. Ara mi yá.

Ọjọ́bọ̀, 31

Mo kọjá afárá, mo gba ọ̀nà inú ìrèké lọ sílé Pina. Aṣọ ilé ló wọ̀, ọ̀sán gangan. Kò ní kí n wọlé, kò ní kí n máa lọ. Ó padà sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti ṣètò gbogbo èébú. Wọn ò jáde. Mo ní, "Ṣó o ti wá lájá báyìí?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn di ohun mìíràn. Ó ní, "Tí o bá ti bi mí pé báwo ni, Rae, àárín tòmátò yẹn ni mi ò bá wó sí. Wọn ò bá fi kẹ̀kẹ́ ọjà tì mí jáde."

Mo sọ ti Hughenden fún un. Mo sọ ti iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí. Ìyá ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lédè Ítálì nínú yàrá, ó fẹ́ mọ ẹni tó dé. Pina ní, "Gbà á. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ." Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́.

Mo dín páńkéèkì nínú ilé ìdáná ẹ̀. Kò jẹ ju ẹyọ kan lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Baba Ògiri pé rárá. Mo ní mo ti sọ fún Pina. Mo ní Pina ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn tísà, wọ́n ń bọ̀ wá kò ó lójú. Ó ní mo da òun. Mo ní kó lọ kọ ọ́ sórí káàdì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé orí afárá. Lẹ́yìn náà mo rántí pé mi ò ní ìjókòó kankan mọ́ nílùú yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 4

Mo múra. Irun, sáńwíìṣì, fìlà. Fóònù dún kí aago mẹ́fà tó lù. Mo ní, "Mo wà nílẹ̀, Tayla."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mò ń gbọ́ ẹ̀fúùfù nínú ìrèké. Lẹ́yìn náà, ìka tó ń kan ara fóònù lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún mọ́ mi létí, ẹlòmíì ń pè, Tayla ni.

Mo jẹ́ kó máa dún.